Èmi Ẹsẹ̀, Ẹ̀yin Pàṣán

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àtijọ́. Ṣé ara ń le? Èmi wà dáadáa. Òtútù ibí yìí ò tíì lọ, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n tán, a ti jọ ń gbé.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kàn. Ṣé ẹ ti jókòó? Mo rí géèmù wa! Géèmù ilé olódi yẹn, èyí tí a fi ń pa àwọn òkú amùjẹ̀, tòun ti ẹ̀rọ rẹ̀ àti páàdì aláwọ̀ eérú! Ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́yìn ibi iṣẹ́ wa ló ń kó ẹrù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì rí i nínú páálí láàárín wáyà àti aago tó ti kú. Mo kígbe. Ọkùnrin náà bi mí bóyá nǹkan ta mí. Mo gbé e mọ́ àyà wọ bọ́ọ̀sì, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn án.

Bí mo ṣe délé, mi ò tilẹ̀ bọ́ kóòtù, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Orin dùùrù yẹn bẹ̀rẹ̀, orí mi wú. Mo ní, ó yá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀, èmi tí mo ti ń pa wọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bàbá, kò tó ìṣẹ́jú kan! Àdán mẹ́ta ló pa mí sí ẹnu ọ̀nà. Mo tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún pa mí. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà ni mo tó rántí pé èmi ò na pàṣán rí láyé mi. Èmi ni Ẹsẹ̀, ẹ̀yin ni Pàṣán. Páàdì kan ṣoṣo la ní, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà sì ti jẹ yín lọ́wọ́ òsì níbi ìtẹ̀wé, ni èmi bá ń di apá òsì mú, mò ń bá yín rìn, mò ń bá yín gun àtẹ̀gùn, ẹ̀yin á wà lápá ọ̀tún, ẹ ó máa fò, ẹ ó máa nà wọ́n. Ọwọ́ òsì mi ṣì mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ilé yẹn o. Ọ̀tún ni kò mọ nǹkan kan! Ẹ wo ayé mi: láàárọ̀ mò ń mọ eyín fún àwọn tí eyín wọn ti ká, nírọ̀lẹ́ àwọn eléyín ń lé mi kiri.

Ọ̀rọ̀ kan wà ṣá. Ẹ̀gbọ́n yín, Ọ̀gá Tíṣà, kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní ẹ gun àpótí láti pààrọ̀ gílóòbù, ẹ ṣubú, ẹ sì fi ọjọ́ mẹ́rin dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé sí mi pé ọ̀fìnkìn lásán ni! Inú mi ò dùn sí i rárá. Láti ìgbà tí màmá ti ṣaláìsí, ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ilé yẹn pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ máa gbé lọ́dọ̀ Ọ̀gá Tíṣà. Wọ́n ní yàrá tó dáa lẹ́yìn ilé wọn. Kí a ti ilé yín pa, kí ọkàn mi balẹ̀.

Ẹsẹ̀ yín


Ogúnjọ́, oṣù kejì

Ẹsẹ̀ mi,

O kú iṣẹ́, o kú òtútù. Ẹnu géètì ni mo ti ka lẹ́tà rẹ, ẹni tó mú un wá ò tíì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tán. Ẹ̀rín tí mo rín, ó bi mí pé ibo ni wọ́n ti fi mí jẹ ọ̀gá. Àdán mẹ́ta! Àdán lásán-làsàn! Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo bí ọ.

Gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe pé kí o máa tẹ bọ́tìnnì bí ẹni ń pa eèrà. Dúró. Jẹ́ kí àdán sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀gangan èjìká rẹ, kí o wá nà án lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn egungun tó ń ju nǹkan, má lé wọn, jẹ́ kí wọ́n wá bá ọ. Ìwàǹwára rẹ ló ń pa ọ́, kì í ṣe àdán. Èmi náà ti yọ tiwa jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo nù ún, mo fẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, ó sì tàn! Inú mi dùn débi pé mo fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí iná, ó jóná. Má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀rọ̀ kejì tí o sọ, mo rí i. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe ìpàdé lé mi lórí, ẹ ti dìbò, ẹ ti kà á, ẹ wá ń fún mi ní èsì. Ẹsẹ̀ àpótí yẹn ló ti jẹrà. Ọwọ́ mi kọ́ ló gbé mi ṣubú. N kò lọ síbì kankan. Agogo ni wọ́n fi ń jẹun nílé ẹ̀gbọ́n mi, agogo ni wọ́n fi ń sùn. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí, wọ́n ṣì ń yẹ èékánná mi wò! Ilé tí mo wà yìí, ìyá rẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún lọ́dà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo mọ gbogbo ilẹ̀kùn tó ń han nínú rẹ̀. Níbí ni mo wà.

Má sì pè mí lórí fóònù nítorí rẹ̀. Ogójì ọdún ni mo fi tẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí lórí bébà, n kò gbọ́ ọ.

Pàṣán


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Bàbá mi olóríkunkun,

Ẹ má bínú o, ẹ kú ilé. Mo ti kọjá àdán! Mo dúró, mo jẹ́ kó dé èjìká, mo nà án lẹ́ẹ̀kan, ó di eruku! Mo fò sókè débi pé ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀. Ní báyìí mo ti kọjá ilé ìkàwé tí àwọn ìwé ti ń fò, mo ti kọjá afárá tó ń já, mo ti dé ilé aago. Inú bọ́ọ̀sì pàápàá, àtàǹpàkò mi ò dúró.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mò ń mọ eyín òkè fún bàbá àgbàlagbà kan, ọkàn mi sì wà nílé aago. Nígbà tí mo ṣe tán, ọ̀gá mi gbé e sókè síbi iná, ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ta ni bàbá yìí fẹ́ jẹ?" Bàbá, mo ti mọ eyín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gùn bí ìṣó! Ẹ̀rín pa mí, mo jókòó sórí ilẹ̀, omijé ń dà lójú mi. Ọ̀gá ní kí n lọ mu omi. Mo tún un mọ kí ó tó di ọ̀sán, ṣùgbọ́n Eléyín ni gbogbo wọn ń pè mí báyìí.

Ó ku ti ilé. Ẹ ní ẹsẹ̀ àpótí ló jẹrà. Mo gbọ́. Oúnjẹ tó jóná ńkọ́? Bàbá, ọwọ́ kan ò tó láti fi dá ilé gbé, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ ká ta tẹ́tẹ́ tí kò lówó nínú. Ẹ rántí Baba Eléyín, ọ̀gá gbogbo wọn, tó wà lókè téńté pẹ̀lú aṣọ dúdú rẹ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá Tíṣà wá jókòó tì yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ní. Tí ẹ bá pa á fúnra yín, láìsí ẹni tó bá yín rìn, mi ò tún ní sọ̀rọ̀ ilé mọ́ láéláé, màá sì bẹ Ọ̀gá Tíṣà kí wọ́n fi yín lọ́rùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá pa yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó di ẹrù yín kí oṣù karùn-ún tó wọlé.

Ẹ ò lè ṣe é! Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá yín rìn. Ta ló ń gbé yín kọjá afárá? Èmi ni!

Ẹsẹ̀ yín tí ẹ ò lè ṣe láìsí


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Eléyín,

Orúkọ tuntun yẹn bá ọ mu. N kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ṣé bàbá àgbàlagbà yẹn mọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ẹnu rẹ̀?

Mo gba tẹ́tẹ́ rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta, èmi nìkan, ẹ̀gbọ́n mi lẹ́lẹ́rìí. Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní kí ni amùjẹ̀, mo ṣàlàyé, wọ́n ní ṣé nǹkan tí mo ń kọ́ ọmọ nìyẹn nígbà tí wọ́n rò pé mo ń kọ́ ọ ní ìṣirò. Wọ́n máa wá.

Ẹnu rẹ ti gùn jù o. "Ẹ ò lè ṣe é." Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n kí o mọ ohun kan, ọmọ mi: ilé mi ni mo fi ta tẹ́tẹ́ yìí. Bí mo bá pàdánù, màá di ẹrù mi, màá lọ, n kò ní ráhùn, torí mo ti fọwọ́ sí i. Eré ni fún ìwọ. Fún èmi, kì í ṣe eré.

Pàṣán


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti ń lọ sí oṣù kan tí mo ti gbúròó yín gbẹ̀yìn. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo àpótí lẹ́tà, ìwé ìpolówó lásán ni mò ń bá níbẹ̀. Ọ̀gá Tíṣà náà ò kọ nǹkan kan. Mo pè yín, ẹ ò gbé e. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má pè.

Ṣé ẹ ti pàdánù ni? Ṣé ẹ ti ń di ẹrù? Mo tún ka lẹ́tà tí mo kọ sí yín nínú ọkàn mi, ojú tì mí. Irú ọmọ wo ló ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé ẹ ò lè ṣe é? Mo fẹ́ dẹ́rìn-ín pa yín ni, inú mi ń dùn, ẹnu mi sì sáré jù. Mi ò rò ó pé ẹ máa fi ilé tí màmá kùn lọ́dà dúró lóòótọ́.

Mo ti dé ẹnu yàrá Baba Eléyín láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mi ò lè wọlé. Mo jókòó síbẹ̀, orin dùùrù ń lọ, mo pa á, mo lọ sùn. Bàbá, ẹ gbàgbé tẹ́tẹ́. Tí ẹ bá ti di ẹrù, ẹ tú u. Ẹ ṣáà kọ̀wé sí mi, kódà kí ẹ bú mi nínú rẹ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ àbúrò mi,

Mo kí ọ. Mo retí pé ò ń jẹun lákòókò. Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí tí o fi rán mi, mo jẹ́ ẹ, àbọ̀ rẹ̀ ni mò ń kọ yìí.

Mo dé ilé bàbá rẹ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe tí mo bá ń ṣọ́ ìdánwò. Mo wo abẹ́ tábìlì, mo wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì, mo ní kí ó tú àpò rẹ̀ fún mi. Kò sí ẹnikẹ́ni. Mo jókòó, mo mú bírò àti ìwé.

Èkíní, ó ti gbé géèmù náà dé ẹnu yàrá ọ̀gá wọn kí n tó dé, ó gbé nǹkan aláwọ̀ eérú yẹn lé orúnkún, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan sáré láti òsì sí ọ̀tún, láti ọ̀tún sí òsì, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ọ̀gbẹ́ni aláṣọ dúdú yẹn jẹ ẹ́ kí n tó dé ìlà kejì nínú ìwé mi. Bàbá rẹ sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní kọ síbí. Èkejì, bákan náà. Mo ti ń ro ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ máa gbà nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo tiẹ̀ sọ fún un pé kí ó má ṣe ìyọnu ẹ̀kẹta.

Ó wo ògiri yíká. Ó wá yọ ọwọ́ òsì jáde nínú àpò. Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Ó fi ọwọ́ méjèèjì di nǹkan náà mú, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ti ń ṣe é lójoojúmọ́. Ọkùnrin inú géèmù ń sún sẹ́yìn, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń kọjá lábẹ́ iná. Ọmọ, mo gbàgbé ara mi. Mo dìde. Bírò mi fò lọ, n kò tíì rí i di òní. Mo ń pariwo, "Nà án! Nà án lẹ́nu! Ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ!" Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ní kí ọmọ ilé-ìwé dákẹ́. N kò pariwo bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gbẹ́ni aláṣọ dúdú náà di àdán ńlá, bàbá rẹ nà án, ó tú ká. Gbogbo ilé olódi náà wó lulẹ̀. Àbúrò mi yege, ó jẹ.

Mo ti mú ẹnu mi kúrò lórí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Ẹni tó lè sá fún gbogbo iná yẹn lè pààrọ̀ gílóòbù. Ìdí tí lẹ́tà yìí fi pẹ́ ni pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni bàbá rẹ fi bẹ̀ mí kí n má sọ fún ọ nípa ọwọ́ òsì. Mo ní èmi kì í yí èsì ìdánwò. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti gé e lọ́wọ́ yẹn, inú àpò ni mo ń rí i. Mo rò pé ó ti kú ni. Ṣé ìwọ mọ̀?

Mo ń padà lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣọ́ ọ. Ó ní kí n wá wo bóyá mo lè kọjá àdán mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Ẹ̀yin bàbá yìí!

Ẹ kú oríire! Ẹ jẹ, ẹ jẹ, ẹ jẹ! Mo ka lẹ́tà Ọ̀gá Tíṣà níbi iṣẹ́, mo jó yí tábìlì po, ọ̀gá mi ní ṣé mo ti gbowó oṣù méjì ni. Ọ̀gá Tíṣà ń pariwo "Nà án lẹ́nu"! Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri fún mi! Ilé yín ni, ẹ máa gbé e, mo ti gbẹ́nu mi dákẹ́. Ara mi fúyẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo wọlé tọ Baba Eléyín lọ, ó pa mí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, mi ò tilẹ̀ bínú.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ọwọ́ òsì wo? Àtàǹpàkò wo? Ọdún mẹ́fà, Bàbá! Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń sáré wálé láti ilé-ìwé torí Pàṣán ò lè rìn! Nígbà tí kíláàsì wa ń lọ wo òkun, mo kọ̀, mi ò lọ, mo ní ta ni yóò bá bàbá mi gun àtẹ̀gùn. Olùkọ́ wa rò pé ẹ ń ṣàìsàn, ó gbàdúrà fún yín! Nígbà tí mò ń bọ̀ níbí, mo sunkún nínú ọkọ̀ òfuurufú torí mo rò pé mo ti gbé ẹsẹ̀ yín lọ. Ẹ sì ní ẹsẹ̀ nínú àpò!

Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo sì ń bínú, mi ò mọ èwo ló pọ̀ jù. Ìgbà wo ni ọwọ́ yẹn yá? Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Ẹ má fi ẹ̀fẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ òótọ́, lórí bébà, bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ ẹ.

Ọmọ yín tí ẹ rẹ́ jẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

O kú ìbínú, o kú ẹ̀rín. Mo gbé lẹ́tà rẹ sórí tábìlì fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó mú bírò.

O bi mí pé ìgbà wo ni ọwọ́ yẹn yá. Àtàǹpàkò mi ò ṣàìsàn rí. Ìka mẹ́ta ni ẹ̀rọ yẹn mú lọ, ó fi àtàǹpàkò àti ìka kékeré sílẹ̀ fún mi. Apá òsì páàdì, àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló ń fẹ́. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o dì í mú fún ọdún mẹ́fà. O kàn ò wo ọwọ́ mi rí ni. N kò dá ọ lẹ́bi.

Bóyá o ò rántí. Nígbà tí mo ti ilé ìwòsàn dé, o ò sún mọ́ mi. Tí mo bá na ọwọ́ sí ọ, o máa sá sẹ́yìn ìyá rẹ. Ò ń gbé abọ́ oúnjẹ rẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà kí o má baà rí mi bí mo ṣe ń jẹun. Ìyá rẹ ní kí n ní sùúrù, ọmọdé ni. Mo ní sùúrù fún oṣù mẹ́rin. N kò bínú sí ọ, ṣùgbọ́n ó dùn mí ju ìka tó lọ lọ.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló gbé géèmù yẹn wá fún mi, kí n lè máa fi na iṣan ọwọ́ náà. Mo ti ń gbá a fúnra mi, ọwọ́ méjèèjì, mo sì mọ̀ ọ́n gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, o ti ilé-ìwé dé, o dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ò ń yọjú wo tẹlifíṣọ̀n. Mo rí ọ, n kò wo ojú rẹ. Mo ti ọwọ́ òsì bọ àpò. Ọkùnrin inú géèmù dúró gbagidi sójú kan, ó ń na afẹ́fẹ́ ní pàṣán, àwọn àdán sì jẹ ẹ́ tán. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró, wọ́n tún jẹ ẹ́. Ni o bá bú sẹ́rìn-ín. O ní, "Bàbá, ẹ rìn!" Mo ní n kò lẹ́sẹ̀. O sọ báàgì rẹ sílẹ̀, o wá jókòó tì mí. Àyè wà lápá ọ̀tún mi. Apá òsì lo jókòó sí, níbi tí ọwọ́ yẹn wà, o sì fara tì mí.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọ lẹ́yìn ìyẹn pé mo lè rìn? Ìyá rẹ rí gbogbo rẹ̀ láti inú ilé ìdáná. Òun nìkan ló mọ̀, kò sì sọ.

Òótọ́ lo sọ, mo rẹ́ ọ jẹ fún ọdún mẹ́fà. Má bínú nítorí òkun tí o ò rí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá ọ̀sán ọjọ́ yẹn padà fún mi, màá tún ti ọwọ́ bọ àpò.

Bàbá rẹ